Ẹṣin Àgbà Lórí Ìso

Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ wo ẹṣin tó ti lé ní ọdún 18 bó ṣe ń kúrò lójú kan. Kì í gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fì sí apá kan, yóò fì padà sí ìkejì, yóò wá fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ ilẹ̀ wò bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ á kúrú, á sì le gan-an. Tó bá rìn díẹ̀ sí i, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Nígbà tó bá fi dé ìdí kànga, ẹni tí kò bá a níbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á ní ọyẹ́ ló mú un. Òótọ́ ni pé òtútù máa ń fi kún un. Ṣùgbọ́n oríkèé ló ń jẹ ẹ́, yóò sì máa jẹ ẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ.

Ẹṣin kì í ṣe àlejò ní Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, dé Ìgbòho àti Kìṣí: koríko pọ̀, igi jìnnà síra wọn. Nígbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ìgbòho ni ààfin wá fìdí kalẹ̀ sí nígbẹ̀yìn, Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sì sin síbẹ̀. Ìtàn so orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, mọ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Ẹlẹ́ṣin náà ni Ọ̀yọ́ fi wọ Dahomey ní 1726. Láti òkè, lọ́wọ́ àwọn Haúsá, Tápà àti Ìbàrìbá, ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin wọ̀nyẹn, torí ẹṣin kì í pẹ́ láyé bó bá ti wọ igbó kìjikìji. Eṣinṣin tsetse ló ń pa á níbẹ̀. Eṣinṣin ń pa ẹṣin: ó dà bí ẹni pé èdè Yorùbá ti mọ̀ kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó sọ ọ́.

Lónìí, ogun ti tán, ẹṣin ti di ohun ayẹyẹ. Ọjọ́ ìwúyè, ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ ìgbéyàwó ńlá, ibẹ̀ la ti ń rí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin ti ń jó wá síwájú Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ìyẹn Ojúde Ọba. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lódìkejì ẹnubodè tó wà nítòsí Ṣakí, ní Nikki nílẹ̀ Benin, níbi tí àwọn Ìbàrìbá ti ń fi ẹṣin ṣe ọdún Gaani. Ọjọ́ kan yẹn ni ayé ń rí. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó kù, orí ìso ni ẹṣin wà: okùn ní ọrùn ẹsẹ̀, èèkàn nílẹ̀, èèrí ọkà bàbà níwájú.

Ẹṣin ọ̀dọ́ lè fara da irú ayé bẹ́ẹ̀, kó dúró lójú kan fún oṣù méjì, kó wá fi odidi ọjọ́ kan jó lórí títì ọlọ́dà. Ti ẹṣin àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó ẹṣin tó bá rí i pé ẹsẹ̀ ń dun ẹṣin òun ló máa ń ní kí wọ́n so ó mọ́ abẹ́ igi kó sinmi. Àánú ló ṣe. Ìsinmi yẹn gan-an ló sì ń ba ẹsẹ̀ náà jẹ́ sí i.

Kí á tó sọ ìdí rẹ̀, ta là ń pè ní àgbà? Ọ̀pọ̀ dókítà ẹran máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹṣin mọ́ àgbà láàárín ọdún 15 sí 20, èyí tí wọ́n bá sì tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 25 sí 30 láyé. (Old Billy, ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ ojú omi ní England, ti kọjá àpẹẹrẹ: 1760 ni wọ́n bí i, 1822 ló kú.) Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹṣin tó bá ti gba ọwọ́ alágbàtà mẹ́ta kọjá kì í ní ọjọ́ orí mọ́. Gbogbo ẹni tó ń tà á ni yóò búra pé ọdún mẹ́jọ ni. Ẹnu ẹṣin fúnra rẹ̀ ni kí á bi. Kí á ká ètè rẹ̀ sókè, kí á wo eyín iwájú tó wà ní igun lókè. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọdún 10, ìlà dúdú tín-ín-rín kan á yọ lẹ́bàá èrìgì. Ní ọdún 15, ìlà náà á dé àárín eyín. Ní 20, á dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà á máa pa rẹ́ láti òkè, nígbà tó bá fi tó 30, kò ní sí mọ́. Ìlà yìí máa ń yẹ̀ díẹ̀ láti ara ẹṣin kan sí òmíràn, àmọ́ ó ṣì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ju ọ̀rọ̀ alágbàtà lọ.

Oríkèé ni ibi tí eegun ti pàdé eegun. Kí wọ́n má bàa máa ha ara wọn, orí eegun kọ̀ọ̀kan dé fìlà: eegun rírọ̀, funfun, tó ń dán, irú èyí tí ẹni tó ń jẹ itan adìẹ máa ń fi eyín họ lórí eegun. Láàárín fìlà méjèèjì ni omi kan wà tó ń yọ̀ tó sì ń fà bí ilá. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú eegun rírọ̀ yìí. Bí kànìnkànìn ló ṣe ń jẹun: bí ẹṣin bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fún, bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tún fa omi oríkèé mu, inú omi náà sì ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Ẹṣin tí kò rìn ń febi pa oríkèé ara rẹ̀. Àìsí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kí fìlà tó bá ti ya jinná dáadáa. Bó bá ṣe ń tín-ín-rín sí i ni oríkèé á máa wú, ara á máa hu eegun kéékèèké sí etí rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa ṣòroó ká.

Ẹsẹ̀ iwájú ló ń jìyà jù. Bí ẹṣin bá dúró, nínú kílò 100, nǹkan bí 60 ló wà lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Síbẹ̀ tẹ̀yìn náà kò yọ sílẹ̀, pàápàá oríkèé ńlá tó yọ sẹ́yìn bí igunpá ní agbede ẹsẹ̀. Ohun ìyanu kan máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oríkèé kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dun ẹṣin fún ọdún bíi mélòó kan, eegun wọn á lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan. Ìrora á lọ, ẹṣin á sì máa rìn. Ẹni tó bá ń fún un ní àgbo ní àsìkò yẹn á sọ pé àgbo òun ló ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹsẹ̀ tó ń dun ẹṣin kò gbọdọ̀ tètè wo ẹsẹ̀. Orí ni kó wò. Kí ẹnì kan di okùn rẹ̀ mú láìfún un, kó fà á sáré kútúpà-kútúpà lórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, ní àlọ àti àbọ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú tó ń dùn ún bá kan ilẹ̀, ẹṣin á gbé orí sókè kí ìwúwo má bàa tẹ̀ ẹ́. Bí èyí tó le bá kan ilẹ̀, orí á wálẹ̀. Bó bá jẹ́ tẹ̀yìn, kí á dúró sẹ́yìn rẹ̀ ká wo ìdí: apá ibi tó ń dùn ni yóò máa fò sókè ju ìkejì lọ. Dókítà ẹran á tún ká ẹsẹ̀ kan mọ́ra fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, á fi í sílẹ̀, á ní kí wọ́n fà á sáré lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí oríkèé ń jẹ máa ń fi ara hàn ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ẹṣin tó ń tiro ni oríkèé ń dà láàmú. Òkúta wẹẹrẹ tàbí ìṣó lè wọ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹṣin tó já okùn lóru tó lọ jẹ ọkà ní àjẹkì lè ní àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní laminitis: inú pátákò á gbóná, ẹran tó so ó mọ́ eegun á máa já, ẹṣin á na ẹsẹ̀ iwájú síwájú, á fara ti ẹ̀yìn, kò ní fẹ́ gbéra. Èyí kò ṣe é fà rìn rárá. Dókítà ni kí á sáré pè lọ́jọ́ náà. Eṣinṣin tsetse náà kò tíì kúrò nínú ìtàn. Ní bèbè odò, àrùn tó ń kó ràn án máa ń mú kí ẹsẹ̀ ẹṣin wú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ṣe gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bó bá ń rìn. Kí á ṣí ètè wò: bí èrìgì bá funfun bí ẹ̀kọ, tí ibà sì ń wá tó ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n gbà lọ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń fi òrí ra ẹsẹ̀ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ń fi ọjọ́ ṣòfò.

Tó bá wá jẹ́ oríkèé lóòótọ́, okùn ni kí á kọ́kọ́ bá wí. Ọ̀pọ̀ ẹṣin nílẹ̀ wa ló ní àpá yípo lókè pátákò, bí ẹni wọ ẹgba ẹsẹ̀. Okùn ló dá a sí i. Ibẹ̀ náà ni oríkèé tó ń ṣiṣẹ́ jù wà, okùn sì ń há a mọ́ ojú kan láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. Bí àyè bá wà, kí wọ́n fi igi ṣe ọgbà kó lè máa rìn kiri fúnra rẹ̀. Kí wọ́n gbé omi sí igun kan, koríko sí igun kejì, kí ebi àti òùngbẹ lè máa fà á rìn. Bí kò bá sí àyè, kí wọ́n so ó lọ́rùn tàbí ní okùn orí, kì í ṣe lẹ́sẹ̀. Bó bá di dandan kó jẹ́ ẹsẹ̀, kí wọ́n fi awọ fífẹ̀ tó rọ̀ dì í, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìrìn. Kí wọ́n fà á jáde láàárọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó máa rìn, kó má sáré, ní ọ̀nà oko tó rọ̀ tó sì tẹ́jú. Òkè-Ògùn ní ìṣòro tirẹ̀ nínú èyí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ máa ń le bí àpáta, níbi tí kì í bá ti í ṣe àpáta gan-an, gbogbo ìṣísẹ̀ ló sì ń dún dé oríkèé. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ á máa fa ẹsẹ̀, pátákò á rọ̀, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ á máa jẹrà, á sì máa rùn. Nítorí náà ni àgbàlá oníyanrìn kékeré kan fi sàn ju ọ̀nà gbalasa lọ ní oṣù méjì tó burú jù nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sì máa gùn ún, kó kọ́kọ́ rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ara rẹ̀ móoru.

Pátákò ń hù bí èékánná. Kí wọ́n máa gé e, kí wọ́n fi fáìlì yún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ síra wọn. Pátákò tí iwájú rẹ̀ gùn dà bí bàtà tó gùn ju ẹsẹ̀ lọ: kí ẹṣin tó lè gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, oríkèé gbọ́dọ̀ fi agbára tó pọ̀ jù tẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú àròkọ yìí, èyí ló kéré jù lówó, òun náà sì ni wọ́n ń gbàgbé jù. Alágbẹ̀dẹ tó mọ irin rọ lè má mọ pátákò gé. Kí á wá ẹni tó kọ́ ọ.

Ìwúwo wá ńkọ́? Kò sí òṣùwọ̀n tí ẹṣin lè gùn ní ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò kan ní Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òkè, tí wọn kò ti ní rí tépù télọ̀. Kí wọ́n fi tépù yí àyà ẹṣin po lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Kí wọ́n wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká níwájú dé ibi tí ìdí parí sí. Kí wọ́n fi àyà lọ́nà àyà, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po gígùn, kí wọ́n wá pín in sí 11,880. Bí àyà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, tí gígùn jẹ́ 158, nǹkan bí kílò 299 ni ẹṣin náà wọ̀n. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù. Ẹṣin àgbà tó sanra ń gbé ẹrù kiri lórí oríkèé tó ti ń dùn ún. Koríko ni kó pọ̀ níwájú rẹ̀, kí èèrí àti ọkà dín kù. Èyí tó rù náà ń fẹ́ àmójútó, bóyá eyín ni kò lè rún koríko mọ́.

Ẹni tó máa gùn ún náà ní ìwúwo tirẹ̀. Ní 2008, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà gbé ẹrù oríṣiríṣi lé ẹṣin mẹ́jọ, wọ́n rí i pé bí ẹrù bá ti tó ìdá 25 sí 30 nínú 100 ìwúwo ẹṣin, iṣan rẹ̀ máa ń ro ó ju bó ṣe rí nígbà tí ẹrù jẹ́ ìdá 15 tàbí 20 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi 20 ṣe é. Ẹṣin oní-kílò 299 yẹn lè gbé nǹkan bí kílò 60, gàárì sì wà nínú rẹ̀. Olóyè wo ló wọn kílò 60 pẹ̀lú agbádá aṣọ òkè, gàárì, ìbùsẹ̀ irin àti gbogbo ohun ọ̀ṣọ́? Kí ọmọ rẹ̀ tó fúyẹ́ gùn ún, kí Bàbá gun ẹṣin tó ṣì lágbára, tàbí kí wọ́n fa àgbà náà lọ́wọ́ nínú ìtò pẹ̀lú gàárì lásán. Ẹwà rẹ̀ kò ní dín.

Ohun kan wà tí ojú kì í tètè rí: oorun. Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kó tó sun oorun ìjìnlẹ̀, àfi kó dùbúlẹ̀. Ẹṣin tí oríkèé ń dùn máa ń bẹ̀rù ìdùbúlẹ̀ nítorí pé dídìde ló nira. Á máa dúró lóru lẹ́yìn òru, títí oorun á fi gbé e lórí ìdúró, tí yóò ṣe wọ̀ọ̀, tí ẹsẹ̀ iwájú á ká lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí egbò tí kì í jinná níwájú ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi ru okùn. Ẹ kó yanrìn tàbí koríko gbígbẹ tó nípọn sí ibi tó fẹ̀, kó lè rí àyè fi na ẹsẹ̀ bó bá ń dìde.

Oògùn wà. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù fún ẹṣin ni phenylbutazone, ó sì máa ń dín ìrora àti wíwú kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lò ó lálòjù, ó ń dá egbò sínú ikùn, ó sì ń ba kídìnrín jẹ́, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta tí omi kò tó. Kò gbọdọ̀ pàdé oògùn ìrora mìíràn nínú ara, irú èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ kẹ́míìsì fún làkúrègbé Bàbá. Ẹran ẹṣin tó ti lò ó kì í ṣe jíjẹ fún ènìyàn. Dókítà tún lè gún abẹ́rẹ́ steroid sínú oríkèé gan-an. Àǹfààní rẹ̀ lè lo oṣù bíi mélòó kan. Ní ti ìyẹ̀fun glucosamine tí wọ́n ń polówó, ẹ̀rí tó wà nídìí rẹ̀ kò lágbára. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà fún ọ̀ràn tó bá le, àmọ́ gbígbé ẹṣin tó ń tiro sínú ọkọ̀ akẹ́rù láti Ṣakí jẹ́ ìjìyà ní tirẹ̀. Ó sàn kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fídíò ìrìn rẹ̀ ránṣẹ́.

Òrí ńkọ́, èyí tí igi rẹ̀ kún inú ọ̀dàn? Ó dára fún awọ, ọwọ́ tó ń fi í ra ẹsẹ̀ sì máa ń tètè mọ ibi tó gbóná tàbí tó wú. Kò dé inú oríkèé. Irin gbígbóná tí àwọn kan ń fi jó ẹsẹ̀ ni kí á fi sílẹ̀ pátápátá. Àwọn òyìnbó náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, títí ìwádìí kan tó jáde ní England ní 1983 fi hàn pé jíjó iṣan ẹsẹ̀ tó fara pa kò mú un jinná rárá. Ẹṣin tí wọ́n jó máa ń sinmi fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ìsinmi yẹn ló sì ń gba ìyìn fún irin.

Ọjọ́ kan á dé tí gbogbo èyí kò ní tó. Ní 1930, Dorothy Brooke, ìyàwó ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, dé Cairo, ó sì bá àwọn ẹṣin tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti lò nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí wọ́n sì tà síbẹ̀ lẹ́yìn ogun. Wọ́n ti darúgbó, ẹsẹ̀ wọn ti bàjẹ́, wọ́n ṣì ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Morning Post, owó rọ́ wọlé, ó sì fi ọdún mẹ́ta ra nǹkan bí 5,000. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ó fún wọn ní oúnjẹ, omi àti ibùsùn fún ọjọ́ díẹ̀, ó wá jẹ́ kí wọ́n kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní 1934 ó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún ẹran àwọn tálákà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni àjọ tó ti ibẹ̀ jáde ṣì ń jẹ́. Ẹṣin tí kò lè dìde láìjẹ́ pé ènìyàn mẹ́rin gbé e, tí kì í jẹ koríko tó wà níwájú rẹ̀ mọ́, ti dé ibi tí abẹ́rẹ́ dókítà ti jẹ́ ìtọ́jú tó kù.

Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin àgbà tó wà lórí ìso kò tíì débẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ kejì ọdún, nígbà tí àwọn onílù bá ti lọ tí wọ́n ti kó gàárì wọlé, kí ọmọkùnrin ilé má tún lọ kan èèkàn. Kó bu omi tútù sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi àtẹ́lẹwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó gbóná, kó wá fà á jáde sí ọ̀nà oko, jẹ́jẹ́, kí òun àti ẹṣin jọ máa lọ títí ìṣísẹ̀ kúkúrú yẹn á fi gùn.